Ìpàdé Ọjọ́ Àìkú Lórí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Mi

Nínú ilé wa ní Ajax, ní ìlú Òyìnbó níbí, kò sí ẹni tó ń dá nǹkan ṣe. Bí o bá fẹ́ gé irun rẹ, ẹbí gbọ́dọ̀ gbọ́. Bí o bá fẹ́ sún bẹ́ẹ̀dì rẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù á ti ní èrò tirẹ̀ lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi rú mi lójú ní ọdún tí mo fẹ́ parí sẹ́kọ́ńdìrì, nígbà tí tíṣà tó ń gba àwa ọmọ nímọ̀ràn pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, tó rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní kí ni èmi gan-an fẹ́ fi ayé mi ṣe. Mo wò ó títí. Obìnrin náà dáa, ó máa ń fún wa ní súìtì, àmọ́ ó jọ pé kò mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kó bi. Mo sọ fún un pé màá bi wọ́n nílé. Ó ní, "But what do you want, Tọ́pẹ́?" Mo tún sọ fún un pé màá bi wọ́n nílé. Ó ní kí n tètè bi wọ́n, torí pé kí oṣù náà tó parí ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ ti mú ilé-ìwé tí a fẹ́ lọ, ó sì fún mi ní súìtì méjì dípò ẹyọ kan. Bí mo bá rántí ẹ̀ báyìí, mo rò pé àánú mi ló ṣe é.

Ọdún yẹn náà ni Màmá, ìyá bàbá mi, wá bá wa gbé láti Ìbàdàn, tí wọ́n sì fi èmi àti wọn sí yàrá kan náà, yàrá ẹ̀yìn tí a ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Union, ibùdókọ̀ ńlá tó wà láàárín ìgboro. Ilé wa kì í dákẹ́. Láàárọ̀ kùtù, wàá gbọ́ ilẹ̀kùn gáréèjì tó ń ké bí ẹni inú ń run, Mọ́mì ló ti ibi ṣífíìtì dé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dádì á máa wá bàtà òsì wọn, torí pé bàtà ọ̀tún kì í sọ nù ní ilé wa. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru á máa kùn nísàlẹ̀. Bí Mọ́mì bá sì din ata, aago tó ń ké bí èéfín bá dìde á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Dádì á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu nínú wíńtà, àwa á wá máa jẹ dòdò tòun ti kóòtù lọ́rùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kó yìnyín iwájú ilé kí Dádì tó jáde, kí n fi róòbù pa orúnkún Màmá, kí n sì sọ fún wọn ohun tó wà nínú ike kọ̀ọ̀kan nínú fìríìjì. Ohun tó kọ́kọ́ bí Màmá nínú ní ìlú Òyìnbó nìyẹn. Wọ́n ṣí ike áísìkiriìmù, ẹ̀gúsí ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ṣí ike bọ́tà, ata lílọ̀ ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Irọ́ ni gbogbo ike inú ilé yìí ń pa."

Ní ti iṣẹ́ tí n óò ṣe, wọ́n ti parí ẹ̀ kí n tó hu eyín. Dókítà ni. Dádì máa ń sọ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú, nítorí pé mo fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ ọmọlangidi mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọn kì í fi kún un pé èmi náà ni mo yọ ẹsẹ̀ ọ̀hún. Mọ́mì ní ìdí tiwọn. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàṣẹ lọ́wọ́ dókítà. Mo fẹ́ dókítà kan tí èmi náà lè pàṣẹ fún." Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ ń pè mí ní dókítà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n hàn mí lẹ́yìn ìsìn, èmi náà á fọwọ́ kàn án, màá ní kí wọ́n máa sinmi. Wọ́n ní ọwọ́ mi tutù dáadáa. Àmọ́ èmi àti kẹ́mísírì kò ṣe ọ̀rẹ́ rí. Mo ń kà á, mo ń sunkún, mo ń gba máàkì tí mi ò lè sọ tán fún Dádì, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé bí wọ́n bá fi mí ṣe dókítà, ẹni tí mo bá tọ́jú ti gbé.

Rélùwéè ló kó bá mi. Màmá kò rí ibi rìn lọ nínú òtútù yẹn, kò sí ẹni tí wọ́n lè kí lójú pópó, ni Dádì bá ní kí n máa mú wọn wọ rélùwéè lọ́jọ́ Sátidé kí ojú wọn lè là. A ó wọ̀ ọ́ ní Ajax, a ó gòkè lọ jókòó sí àjà òkè inú ọkọ̀, a ó dé Union, a kò ní jáde. A ó mu tíì, a ó tún wọ̀ ọ́ padà. Màmá á tú ẹ̀pà sí orí àpò wọn, wọ́n á máa jẹ ẹ́, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tó bá kọjá ní ẹ kú ìrìn. Àwọn Òyìnbó á rẹ́rìn-ín sí wọn. Lọ́jọ́ kan, a dúró ní ibi tí a ti ń wọkọ̀, ni mo bá rí ẹni tó ń wa rélùwéè ọ̀hún. Obìnrin ni. Ó yọrí lójú wíńdò, ó wo gbogbo ọkọ̀ náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn pátápátá, bí ìyá tó ń ka àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó rí i pé kò sí ẹni tí ilẹ̀kùn há, ó wá juwọ́ sí Màmá. Màmá tẹ orúnkún díẹ̀, orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá ọlọ́kọ̀." Lẹ́yìn náà ni gbogbo irin yẹn gbéra láìmi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ara mi kàn dákẹ́ ni, bí ìgbà tí ẹni tí ebi ń pa bá gbọ́ òórùn oúnjẹ tó mọ̀ pé tòun ni.

Bí a ṣe jókòó nínú ọkọ̀ tiwa tó tẹ̀ lé e ni mo sọ fún Màmá pé ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn. Wọ́n jẹ ẹ̀pà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń sanwó fún wọn?" Mo ní wọ́n ń san dáadáa. Wọ́n ní, "Ṣé òtútù kì í wọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí?" Mo ní kì í wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ó dáa." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, àfìgbà tí ọkọ̀ dé Scarborough lójú ọ̀nà tí wọ́n tún la ẹnu, tí wọ́n fi oríkì mi pè mí. Wọ́n ní, "Wọ́n ti ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ tèmi náà rí, Àjọkẹ́. Tíṣà ni mo fẹ́ ṣe. Bàbá mi pe àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n mu, wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Èmi ni mo se oúnjẹ tí wọ́n jẹ." Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n ní, "Mo fọ abọ́." Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ wọn, wọ́n sì ní kí n máa wo ìta.

Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé, orí ẹ̀bà la wà. Dádì gbé òkèlè dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Mọ́mì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wá wo ojú mi, wọ́n gbé ọwọ́ lérí. Dádì ní, "Dírẹ́bà?" Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn pé kì í ṣe dírẹ́bà lásán, pé ilé-ẹ̀kọ́ wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, pé ìdánwò wà níbẹ̀, pé wọ́n ń kọ́ ènìyàn ní bírékì àti iná àti òfin. Bí Dádì bá ti ń bínú, Yorùbá tí kò ní àbùlà ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní, "Mo ń wọ rélùwéè yẹn lójoojúmọ́ kí ìwọ má baà ní ohun tó o máa ṣe nínú ẹ̀ ju kó o jókòó lọ." Mọ́mì ní àwọn ìyá ìjọ ńkọ́, ta ni yóò máa wo ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn tí Dádì mumi tán, ohùn wọn rọ̀, wọ́n ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Àwọn kò ní dá a pa, àwọn kò sì ní dá a gbà. Ohun tí Bọ̀dá wọn bá sọ lọ́jọ́ Àìkú ni abẹ gé. Bọ̀dá wọn ni Dádì Ìbàdàn, àkọ́bí Màmá, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í béèrè iyọ̀ lórí tábìlì láìsí ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Inú mi bàjẹ́. Mo mọ̀ pé bí ẹni yẹn bá ti lè sọ dókítà, ọ̀rọ̀ mi ti di òkúta nìyẹn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì á gbé kọ̀ǹpútà lé orí Bíbélì àti ìwé atúmọ̀ èdè kí ojú wọn lè hàn, wọ́n á sì pe àwọn ọmọ ìyá wọn: Dádì Ìbàdàn, Àǹtí Bísí ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Uncle Débọ̀, àbíkẹ́yìn, tí kò tíì pẹ́ tó dé ìlú Òyìnbó, tó ń gbé ní Springdale, tó sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan ní Woodbridge. Ètò orí ẹ̀rọ tí Dádì ń lò, ọ̀fẹ́ ni, bí àkókò rẹ̀ bá sì ti pé, á já ni, ì báà jẹ́ àárín àdúrà lẹ wà. Wọ́n kọ̀ láti sanwó sí i. Ẹ wá wo bí ẹbí wa ṣe ń kíra. Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Ẹ kú ìjọ́mẹ́ta. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ooru, ẹ kú àtijọ́. Orúnkún Màmá ńkọ́? Ọkọ̀ tó dẹnu kọlẹ̀ níjọ́sí ńkọ́? Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tó yẹ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ mi, Uncle Débọ̀ kí Dádì kí ó tó kí Àǹtí Bísí, Àǹtí Bísí ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ti yí ọjọ́ orí padà, wọ́n bá tún ìkíni bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ìgbà tí Dádì máa sọ pé, "Ọ̀rọ̀ Tọ́pẹ́," ó já. Dádì fẹ́ tún un pè. Mọ́mì ní kí wọ́n rora, pé Dádì Ìbàdàn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí a bá tún ìpàdé ṣí, a ó tún ìkíni ṣí. Ọjọ́ Àìkú kejì, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ló gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Mo lọ jókòó sí báfúrúùmù, mo sunkún, mo sì fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú mi kí n tó jáde wá fọ abọ́. Bí mo ṣe ń fọ abọ́ yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ Màmá, ni mo bá gbé kànrìnkàn sílẹ̀. Mi ò fọ ọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Màmá rí i.

Ọjọ́ Àìkú kẹta nìkan ló kù kí àkókò tí tíṣà fún wa tó pé. Dádì bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n ké ìkíni kúrú, wọ́n sì gbìyànjú, àmọ́ kò síná ní Ìbàdàn, jẹnẹrétọ̀ Dádì Ìbàdàn sì ń dún débi pé Àǹtí Bísí ń di etí. Mọ́mì ní, "Ẹ pa ariwo yẹn jàre." Dádì tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ibẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, ìpàdé sì ń lọ. Àǹtí Bísí ní kí n ka ìwé oògùn bí òun, pé oògùn kì í kú lọ́wọ́ ẹni. Uncle Débọ̀, tó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn páálí níbi iṣẹ́, ní kí n ṣe ẹnjiníà. Àǹtí Bísí ní, "Ìwọ tó o ṣe ẹnjiníà, ṣebí páálí lò ń gbé." Uncle Débọ̀ ní ìyẹn ò kàn án. Dádì wá dojú kọ kọ̀ǹpútà, wọ́n tẹríba bí ẹni wà níwájú ọba, wọ́n ní, "Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ dọ́wọ́ yín, sà."

Dádì Ìbàdàn tún fìlà wọn ṣe. Wọ́n la ẹnu. Ẹnu ń lọ, ẹnu ń bọ̀, ìka sókè, ìka sílẹ̀, àmọ́ a ò gbọ́ kíní kan. Ìgbà yẹn ni mo rí i lójú Dádì pé wọ́n ti mọ ohun tí àwọn ṣe: ohùn jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni wọ́n pa, ohùn ẹ̀gbọ́n wọn ni. Ọwọ́ wọn lọ síbi tí wọn yóò tẹ̀, ó dúró lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ariwo á bú jáde, gbogbo ẹbí á mọ̀ pé Dádì ló pa ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́nu mọ́. Mọ́mì já wọn ní èékánná lábẹ́ tábìlì. Kò sí ẹni tó sọ pé òun ò gbọ́. Ta ló máa sọ ọ́? Uncle Débọ̀ tó kéré jù ni? Àǹtí Bísí ń mi orí, wọ́n ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀ gbáà ni." Dádì ní, "Hẹn-ẹn, sà." Dádì Ìbàdàn yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún sọ púpọ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n di ojú, a mọ̀ pé àdúrà ló kàn, gbogbo wa pátá ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe ṣì di ojú, kíá ni Dádì tẹ̀ ẹ́, jẹnẹrétọ̀ sì padà dé.

Dádì ní, "Gẹ́gẹ́ bí Bọ̀dá mi ṣe wí," wọ́n sì dúró síbẹ̀. Wọ́n wo Àǹtí Bísí, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn tún un sọ fún ọmọ, torí ẹnu wọn dùn. Àǹtí Bísí ní ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ohun tí obìnrin ń tún sọ, kí Débọ̀ sọ ọ́. Uncle Débọ̀ ní wọ́n ń pe òun, ló bá kúrò lójú ẹ̀rọ, páálí nìkan ló ṣẹ́kù. Màmá ń ṣa ẹ̀wà nídìí tábìlì láti ìgbà tí ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ ni?" Gbogbo wọn ní ẹ̀ẹ̀kan náà ní, "A gbọ́, Mà." Màmá ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Ṣebí ó ní ẹni tó ń kàwé ló mọ ibi tí orí ti ń fọ́ òun. Ó ní kí ẹ jẹ́ kí Àjọkẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa rélùwéè. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ bínú sí i." Wọ́n ṣa ẹ̀wà díẹ̀ sí i. "Ó tún ní kí bàbá rẹ̀ ra bàtà òtútù tuntun fún un." Wọ́n wá gbójú sókè sí kọ̀ǹpútà. "Àkànní, àbí bí o ṣe wí kọ́ nìyẹn?"

Dádì Ìbàdàn la ẹnu. Wọ́n pa á dé. Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Àǹtí Bísí ní àmín, èmi náà ní àmín, Dádì ní àmín kékeré kan, àkókò wa sì pé, ó já. Dádì kò sọ nǹkan kan ju pé kí ni nọ́ńbà ẹsẹ̀ mi. Mọ́mì lọ gbé ìkòkò kaná, wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ pé kò burú, kò burú, ó kéré tán ọmọ kò ní máa pẹ́ dé ibi iṣẹ́ bó bá ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ ọ́fíìsì tíṣà yẹn, mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un. Ó ní ṣé mo ti bi wọ́n nílé. Mo ní wọ́n ti fẹnu kò.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Màmá padà sílé, wọ́n sì sun oorun ìkẹyìn ní Ìbàdàn nínú bẹ́ẹ̀dì ara wọn, bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó lọ pé mo ti ń wa ọkọ̀ ọ̀hún. Mo fi fóònù hàn wọ́n bí ibi ìjókòó mi ṣe rí, wọ́n ní kí n fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ bóyá ó tutù. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Dádì Ìbàdàn wá kí wa, Dádì sì mú wọn wá bá mi ní ibi tí a ti ń wọkọ̀ ní Ajax, nígbà tí mo fẹ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn tòun ti aṣọ iṣẹ́. Wọ́n wo rélùwéè náà láti orí dé ìdí. Àyà mi kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo bi wọ́n pé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, kí ni wọ́n sọ gan-an.

Wọ́n ní, "Dókítà ni mo sọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo gbé e gbà. Mo fi Bíbélì tì í lẹ́yìn. Mi ò rò pé mo tún sọ̀rọ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi. Gbogbo wọn ń mi orí, wọ́n ṣe àmín sí i. Kí n tó lajú tán, ìyá mi ti ní rélùwéè ni mo sọ, wọ́n sì bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé àbí bí mo ṣe wí kọ́ nìyẹn. Ìwọ, kí lo fẹ́ kí n sọ?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi ọ̀hún. Wọ́n ní, "Wọ́n tún pè mí lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní, Àkànní, o ṣeun, o sọ̀rọ̀ bí àgbà. Mo ní ẹ ṣeun, Mà. Ohun tí mi ò mọ̀ títí dòní ni bí ẹbí odindi ṣe ṣe àmín sí dókítà, tí wọ́n tún ṣe àmín sí rélùwéè, tí kò sì sí ẹni tó béèrè nǹkan kan."

Mo wo Dádì. Dádì ń wo ojú irin, wọ́n ń wò ó kíkankíkan, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá rà á. Mo ní, "Màmá nìkan ló mọ̀, sà." Dádì Ìbàdàn ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá nìkan ni. Mo wọlé lọ jókòó, mo fọwọ́ kan ògiri, kò tutù. Mo yọrí lójú wíńdò, mo wo gbogbo ọkọ̀ náà láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, mo rí àwọn bàbá méjèèjì tí wọ́n wọlé, tí Dádì dúró kí ẹ̀gbọ́n wọn kọ́kọ́ wọ̀, mo sì gbéra.